Pátákó Bàdírù àti Fíìmù Kẹfà

Bí ènìyàn bá bọ́ sílẹ̀ ní Gáréèjì Ìkòròdú, tí ó yà sí ọ̀wọ́ àwọn tí ń tún fóònù ṣe, yóò rí pátákó dúdú kan tí a kàn mọ́ ara ògiri. Bàdírù ni ó ni ín, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkó fíìmù sínú fóònù àwọn oníbàárà. Orí pátákó yìí ni ó máa ń to fíìmù Ìjì Ọ̀sà méjèèje sí, láti orí èyí tí ó dára jù títí dé èyí tí ó burú jù. Ìjì Ọ̀sà ni akọni adaṣọbojú tí ń sáré lórí omi láìrì, tí ó sì ń fi èémí ẹnu rẹ̀ dojú ọkọ̀ àwọn ọlọ́ṣà dé. Kò sí ọmọdé, kò sí àgbà ní àgbègbè náà tí kò mọ̀ ọ́n.

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun, Bàdírù yóò fi omi nu pátákó náà, yóò sì fi ṣọ́ọ̀kì to àwọn fíìmù náà lọ́tun. Ipò wọn kì í sábà yí padà, síbẹ̀ àwọn èrò a máa pé sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ bí ẹni tí ń retí ìdájọ́ ọba. Ohun kan ṣoṣo tí omi kì í nù kúrò lórí pátákó náà ni gbólóhùn tí ó fi ọ̀dà funfun kọ sí òkè rẹ̀: OHUN TÍ OJÚ MI KÒ BÁ RÍ, ẸNU MI KÌ Í SỌ Ọ́. Nítorí gbólóhùn yìí ni wọ́n ṣe ń pè é ní Alága.

Ṣùgbọ́n Bàdírù kò wo fíìmù kẹfà rí.

Ọ̀sẹ̀ tí fíìmù náà jáde, ní ọdún tí ó kọjá, ibà dá a dùbúlẹ̀ sínú ilé rẹ̀ ní Ìjẹ̀dé. Ọjọ́ tí ó padà sí ìdí iṣẹ́, àwọn ará bẹ́ǹṣì ti fi ọjọ́ mẹ́ta jiyàn lórí rẹ̀, òun nìkan ni wọ́n sì ń dúró dè. Ẹni tí a bá ti fi jẹ adájọ́, báwo ni yóò ṣe sọ pé òun kò sí níbi tí a ti rojọ́? Fábíyìí, ọmọ Ìwó tí ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni ó kọ́kọ́ la ẹnu.

"Alága, ìyá arúgbó tó wa ọkọ̀ yẹn ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Bí ẹni há ìgbálẹ̀ mọ́ abíyá ló ṣe há àjẹ̀ mọ́ra."

Fábíyìí tí kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ, ní Ìpakodò, tí ó sì ń pariwo orúkọ Jésù títí wọ́n fi gúnlẹ̀! Ọ̀rọ̀ ẹnu irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Bàdírù gbé, tí ó fi iyọ̀ sí, tí ó fi ata sí.

"Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí," ni ó wí, ó gbé ohùn sókè. "Etí ọ̀sà ni wọ́n ti bí baba mi. Ta ní ń wa ọkọ̀ báyẹn? Kí wọ́n lọ háyà arọ wá sínú fíìmù, kí wọ́n ní òun ló yọ akọni nínú omi!"

Bẹ́ǹṣì mì fún ẹ̀rín. Kabir, awakọ̀ kẹ̀kẹ́ kan tí kì í fi ibẹ̀ sílẹ̀, gba ohùn náà sínú fóònù rẹ̀, ó sì fi í sórí Wasáàpù. Láti ọjọ́ náà ni fíìmù kẹfà ti wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàdírù ṣí i ní kọ̀rọ̀ láti wò ó, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni ó sì pa á dé. Ẹ̀rù ń bà á kí ó má baà dára.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan nínú oṣù Ṣàbáànì ọdún yìí, bí ó ti ń nu ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀ nù, ó gbójú sókè, ó rí Fàósátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí ó dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú báàgì ẹja yíyan lọ́wọ́ ọ̀tún. Òun ni ó tọ́ Bàdírù dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú.

"Àǹtí mi! Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ ò tilẹ̀ pè mí pé ẹ ń bọ̀."

"Bí mo bá pè, ṣé màá bá ọ níbí?"

Kabir ti dìde fún un lórí bẹ́ǹṣì. "Màmá, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jókòó. Adájọ́ gbogbo Ìkòròdú ni àbúrò yín yìí."

"Mo ti gbọ́ ẹjọ́ tó dá. Ó pẹ́ lójú ọ̀nà ni, àmọ́ wọ́n fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ dé Ẹ̀pẹ́." Fàósátù ka pátákó náà láti òkè dé ilẹ̀, ojú rẹ̀ sì dúró sí ìlà ìkẹyìn. "Bàdírù, ìkẹfà yẹn. Fi ibi tó ti bàjẹ́ hàn mí."

"Ibo ni, Àǹtí?"

"Ibi tí ìyá arúgbó ti wa ọkọ̀. Ibi tí o ti pè é ní arọ."

Bàdírù jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ṣí fíìmù náà. Ó fà á síwájú, ó bọ́ sí àárín ọjà. Ó tún fà á, ó bá wọn lẹ́nu ìjà. Ó fà á lẹ́ẹ̀kẹta, ìyàwó ni wọ́n ń gbé. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í já lójú rẹ̀.

"Alága, ẹ ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́," Kabir wí. "Ẹ padà sẹ́yìn."

Ó padà sẹ́yìn, ó tún ṣìnà.

"Àbí awò ojú yín ni kò mọ́ ni?" Fábíyìí rẹ́rìn-ín. "Ibi tí oòrùn ti ń wọ̀ ni, Alága! Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìkẹta débi pé ẹ máa ń sọ̀rọ̀ ṣáájú àwọn òṣèré!"

Nígbà tí ó yá, ó bọ́ síbẹ̀. Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ pọ́n bí epo lábẹ́ oòrùn alẹ́. Ọkọ̀ kékeré kan ń bọ̀, obìnrin kan tí ó fi ìborùn bojú sì jókòó sínú rẹ̀, ó há orí àjẹ̀ mọ́ abíyá, apá òsì rẹ̀ sì kákò bí ìwọ̀ ẹja.

Bàdírù dá apá náà mọ̀ kí ó tó dá ẹni tí ó ni ín mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ó wà nígbà tí ó já sómi ní etídò Ẹ̀pẹ́, láàárín ọkọ̀ àti òpó, tí ìgbì sì ń gbé ọkọ̀ náà bọ̀ wá gbá orí rẹ̀ mọ́ òpó. Fàósátù, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ki apá rẹ̀ bọ àárín wọn. Ọkọ̀ náà fọ́ ìgúnpá rẹ̀ dípò orí àbúrò rẹ̀. Wọ́n to eegun náà títí, kò nà mọ́.

"Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi yà mí sínú fíìmù yẹn," Fàósátù wí, kò gbé ohùn sókè rárá. "Mo ní kí ẹnikẹ́ni nílé má sọ fún ọ. Mo ní fíìmù kì í kọjá Bàdírù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò rí mi, tí yóò sì pè mí. Mo retí ìpè rẹ títí. Ohùn rẹ tó dé, ẹ̀rín ló ń fi mí rín."

Kabir ni ó gbìyànjú láti dóòlà ọ̀gá rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Ó dájú pé Alága ò dá yín mọ̀ ni. Ìborùn bò yín lójú."

Fàósátù mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìborùn bò mí lójú."

Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún Bàdírù. Bí ó bá gba ibẹ̀ kọjá, yóò ṣì máa jẹ́ Alága, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò gbà títí ayé pé ó wo apá tí ó gba ẹ̀mí rẹ̀ là, kò mọ̀ ọ́n, ó sì fi í rẹ́rìn-ín. Bí ó bá kọ̀, pátákó rẹ̀ parí. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun tí ènìyàn yóò ṣe nígbà tí ẹ̀sín méjì bá dúró dè é ní oríta. Ó gbójú wo apá náà lójú kọ̀ǹpútà, ó sì gbójú wo èyí tí ó wà lórí itan ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku Gáréèjì.

"Àǹtí mi, ẹ dárí jì mí. N kò wò ó rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu Fábíyìí ni mo gbé."

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Ìbá sàn fún un bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín. Fábíyìí tẹ orí mọ́ fóònù tí ó tú palẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Láti ọdún tó kọjá, Alága?" Kabir béèrè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ti ẹni tí a jí ní nǹkan.

Bàdírù ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀.

"Dìde," Fàósátù wí. "Eruku ń ba aṣọ Jímọ́ọ̀ rẹ jẹ́. Pé irọ́ lo pa, ó tilẹ̀ tù mí nínú díẹ̀. Mo ti rò pé o gbàgbé apá yìí ni."

Ọ̀rọ̀ ìdáríjì yìí wọ Bàdírù lára ju èébú lọ. Ó dìde, ó da fíìmù náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn sì jọ wò ó dópin. Ó dára. Ó dára débi pé kò lè gbé ojú rẹ̀ sókè.

"Ó gùn jù," Fàósátù wí nígbà tí ó parí. "Kí a sọ òtítọ́, ipò kẹrin ni n óò fi í sí. Ta ló lè fi í wé ìkẹta?"

Kabir bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ̀yin gan-an ni Alága!"

Bàdírù nu pátákó náà mọ́, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì lé Kabir lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ó sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀ Ẹ̀pẹ́. Bí Fàósátù ti fẹ́ wọ ọkọ̀, apá òsì ni ó gbé sún mọ́ ọn pé kí ó fi ran òun lọ́wọ́. Ó di ìgúnpá náà mú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ilẹ̀ ni ó ń wò títí ọkọ̀ fi lọ.

Nígbà tí ó padà dé, bẹ́ǹṣì ti ṣófo. Ìkọ̀wé Kabir ni ó wà lórí pátákó, fíìmù kẹfà sì ti gòkè sí ipò kẹrin. Bàdírù rẹ àkísà sínú omi, ó gun àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára nu gbólóhùn òkè náà. Ó nù ún títí ọwọ́ fi ń ro ó. Ọ̀dà ni ó fi kọ ọ́; kò parẹ́.