Agégíláàsì Tí Ṣẹ́ẹ̀sì Rẹ̀ Máa Ń Parí Kí Omi Tó Hó

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù bá wà ní títì, àbúrò mi á bu omi sínú kẹ́tù, á gbé e kaná, á sì gbé ife méjì sórí tábìlì, ọ̀kan fún èmi, ọ̀kan fún ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé fóònù kan ti agolo ṣúgà kí ojú ọmọ rẹ̀ lè hàn níbẹ̀, yóò sì tẹ́ èkejì, èyí tó fi ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ayò òyìnbó, síwájú ara rẹ̀. Ojú fóònù yìí ti sán láti igun dé igun. Gbogbo àdúgbò ló ti fi ṣe yẹ̀yẹ́: agégíláàsì tí kò rí gíláàsì fóònù ara rẹ̀ pààrọ̀.

Ọ̀nà jìn sí ìlú tí ọmọ náà ń gbé. Àdéhùn wọn níbẹ̀rẹ̀ ni pé kí àwọn méjèèjì gbé omi kaná, kálukú nílé rẹ̀, pé bí omi bá hó, àwọn á jọ máa mu tíì, eré á sì máa lọ. Mi ò rí ọjọ́ tí omi hó bá eré. Kí kẹ́tù tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ọba àbúrò mi á ti há, ọmọ á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá mi. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," fóònù á sì ṣókùnkùn. Nígbà tó yá, ọmọ náà kò gbé omi kaná mọ́. Èmi àti bàbá rẹ̀ la máa ń mu tíì náà, a kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nídìí rẹ̀.

Gíláàsì fèrèsé ni àbúrò mi ń gé, àti ti ilẹ̀kùn, àti èyí tí wọ́n fi ń bo fọ́tò. Ẹ̀ẹ̀kan ni orúkọ tí àwọn oníbàárà ń pè é. Bí ó bá ti gbé ọ̀bẹ gíláàsì, tí ẹni tó ni iṣẹ́ ní kó rọra o, ohun kan ṣoṣo tó máa ń fèsì ni, "Ẹ̀ẹ̀kan ni." Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà láyé, ìyàwó ló ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá pè tó sì jẹ́ pé òun ló gbé fóònù, á ní, "O wà dáadáa? Ó dáa. Gba ìyá rẹ."

Ìyàwó kú. Fóònù wá ń dún, kò sí ìyá tí yóò gbé e fún mọ́. Bàbá á béèrè bóyá òjò rọ̀ lọ́hùn-ún, ọmọ á béèrè bóyá iṣẹ́ ń wọlé, àwọn méjèèjì á wá dákẹ́ bí àwọn àjèjì méjì tí wọ́n jọ ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ọmọ ló mú ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀sì wá. Apòògùn ni, ó ti ń ta á láti ilé ìwé. Ó kọ́ bàbá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn, ó júwe ibi tí wọ́n ti ń ta á lórí fóònù, níbi tí ènìyàn ti lè bá ẹni tí kò rí rí ta á. Láti ìgbà náà, wọ́n ní nǹkan tí wọ́n jọ ń ṣe.

Nítorí náà, kì í ṣe pé àbúrò mi ń wá bí yóò ṣe pa ọmọ rẹ̀ láyò. Ó sọ ohun tó ń wá fún mi lọ́jọ́ kan tó ń ṣan ife, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí mi.

"Ká ṣáà lè pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀," ó ní.

"Kí ló dé? Ṣé ó ní òun ò pè mọ́ ni?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, eré tí kò dùn, ta ni yóò máa fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ wá a kiri?"

Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wo eré náà dáadáa. Mi ò mọ̀ ọ́n ta, ṣùgbọ́n ohun tí mi ò mọ̀ kì í jẹ́ kí n sinmi. Mo ní kí ó júwe rẹ̀ fún mi. Ó júwe: ọba kan àti ayaba kan lápá kọ̀ọ̀kan, àwọn ẹṣin tó máa ń fò, ilé gogoro méjì tó máa ń lọ tààrà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, àti àwọn ọmọ ogun kéékèèké tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn. Ẹni tí ọba rẹ̀ bá há tí kò ríbi gbà, eré ti tán fún un.

Bí àbúrò mi ṣe máa ń ta á nìyí. Ayaba rẹ̀ kì í gbélé. Kí ẹlòmíì tó jí, ayaba ti jáde, ó ti wà ní àgbàlá olódì, ó ń jẹ ohun tó bá rí. Àwọn ẹṣin àti ilé gogoro rẹ̀ á ṣì wà níbi tí wọ́n tò wọ́n sí, wọ́n ń wòran bí èmi. Bí ó bá ti rí ohun kan tó dára láti ṣe, ìka rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́. Ọmọ rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Á fi ọmọ ogun kan sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ayaba á sáré lọ jẹ ẹ́. Ẹṣin á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìjẹ kan náà, ìwọ̀ kan náà.

"Bàbá mi," ọmọ náà ní lọ́jọ́ kan, "ọmọ ogun yẹn náà kọ́ lẹ tún jẹ yẹn?"

"Ó wà nílẹ̀ lásán ni."

"Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Ẹ̀ ń wo tiyín nìkan. Ẹ kì í wo ohun tí èmi fẹ́ ṣe."

"Mo ń wò ọ́. O wọ aṣọ pupa."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ọ̀pẹ́ ni bàbá mi o, Àǹtí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ẹ bá mi sọ fún wọn." Ó ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kẹ́tù kò tíì kùn.

Mo kan ṣàdédé yà sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi láàárín ọ̀sẹ̀ ni. Ó na gíláàsì ńlá kan sórí tábìlì tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé. Ó fi igi gbọọrọ lé e, ó fi ọ̀bẹ fa ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, gíláàsì náà sì ké bí ẹyẹ. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Ó fà á sí etí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ṣẹ́ geere.

"O ò tilẹ̀ mí," mo ní.

"Wọn kì í mí. Bẹ́ ẹ bá ti fa ìlà, ẹ ṣẹ́ ẹ. Bẹ́ ẹ bá dúró rò ó wò, ìlà á tutù, gíláàsì á wá ṣẹ́ gba ibi tó wù ú."

"Ṣé bó o ṣe ń ta ṣẹ́ẹ̀sì náà nìyẹn?"

Ó wò mí. Ó gbá àwọn èérún jọ, ó da wọ́n sínú páànù, ó sì ní kí n bá òun lọ sí ilé búrẹ́dì, pé òun fẹ́ wọn fèrèsé iwájú wọn tó fọ́, mo lè bá òun di ẹnu téèpù mú.

Níbẹ̀, mo dúró sínú, òun wà níta. Mo rò pé a ti wọ̀n ọ́n tán, àfi bó tún ṣe wọlé wá tó ní kí n bọ́ síta.

"Fèrèsé kan náà kọ́ ni?"

"Inú àti ìta férémù kì í bára wọn mu," ó ní. "Èyí tó gba gíláàsì nínú lè má gbà á níta. Ẹni tó bá wọn ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, á gbé gíláàsì rẹ̀ padà sílé."

Ó na téèpù. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tó dúró, tó ń wò mí láti inú ihò fèrèsé náà. Alábúrẹ́dì ń pè é, kò gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ rántí ọjọ́ tí mo ní fóònù mi ti bàjẹ́?"

Ta ni yóò gbàgbé? Ó ń bá àjèjì kan ta á lọ́jọ́ náà, ìka rẹ̀ lọ tẹ àmì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọfà méjì tó ń lé ara wọn kiri. Bí pátákó eré ṣe dojú dé nìyẹn. Àwọn ọmọ ogun dúdú tó wà lókè wá sí ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, tirẹ̀ tó jẹ́ funfun lọ sókè. Ó gbà pé wọ́n ti gba ogun òun fún ẹlòmíì. Ó ń tẹ àwọn dúdú, wọn kò mira. Ó pa fóònù náà, ó gbé e lọ bá atúnfóònùṣe. Atúnfóònùṣe tẹ ọfà méjì náà lẹ́ẹ̀kan, gbogbo nǹkan padà síbi tó wà, ó sì fún un ní fóònù rẹ̀ láìwojú rẹ̀, kí ẹ̀rín má bàa bọ́ lẹ́nu òun.

"Kò bàjẹ́," àbúrò mi ní. "Ìta ló mú mi lọ."

Ó yí padà lọ bá alábúrẹ́dì. Èmi dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ohun tó sọ tó yé mi.

Láti ọjọ́ náà, kí ó tó gbé ohunkóhun, á kọ́kọ́ tẹ ọfà méjì náà. Pátákó á yí, á wá jókòó bí ẹni pé òun ni ẹnìkejì, á béèrè pé, "Bó bá jẹ́ èmi ni, kí ni mo fẹ́?" Á tún yí i padà kó tó tẹ tirẹ̀. Ẹ má rò pé ó dára lójú ẹsẹ̀. Ó burú sí i. Àwọn eré orí fóònù ní aago, bó sì ṣe ń yí síwá-sẹ́yìn ni aago ń tán mọ́ ọn lórí. Àjèjì kan wà tó fi àwòrán ológbò ṣe ojú ara rẹ̀. Ológbò yìí nà án títí ó fi sú mi. Àbúrò mi wá yan eré tí aago rẹ̀ gùn, ó sì tún ń bá ológbò ta á.

Bí eré bá tán, fóònù náà máa ń fi àmì pupa sí ibi tí ènìyàn ti ṣìnà. Tẹ́lẹ̀, eré àbúrò mi dà bí ẹ̀yìn ọmọ tí ẹ̀fọn jẹ. Ó wá ń tẹ pupa kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè ìdí. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé kì í ṣe ibi tó ti rò pé òun ṣìnà ni pupa máa ń wà. Ibi tí inú rẹ̀ ti dùn jù ni.

"Ẹ wò ó," ó ní fún mi, ó ń tọ́ka sí ọ̀kan. "Ibí yìí ni mo ti ń kọrin."

Ológbò ṣì ń pa á, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ kó tó pa á. Ayaba rẹ̀ wá ń gbélé. Àwọn ẹṣin rẹ̀ rìnrìn àjò.

Ọjọ́ Àìkú pé. Ó gbé kẹ́tù kaná, ó gbé fóònù ti agolo ṣúgà. Ọmọ náà wà lórí àga, ó ń fi aṣọ inura nu irun.

"Bàbá mi, mi ò lè pẹ́ o. Mo fẹ́ fọṣọ."

"Kò burú. Máa gbé."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọmọ ogun ọjọ́sí fi wà nílẹ̀, láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Àbúrò mi nawọ́, ó fà á padà. Ó tẹ ọfà méjì náà. Ó wo eré náà láti orí àga ọmọ rẹ̀. Ó yí i padà, ó sì gbé ẹṣin.

Ọmọ náà dáwọ́ irun nínù dúró. "Ẹ ò jẹ ẹ́?"

"Mo ti yó."

Nígbà tó yá, kẹ́tù kùn, ó sì súfèé. Mo dìde lọ pa iná.

"Kí ló ń súfèé níbẹ̀ yẹn?" ọmọ náà béèrè.

"Kẹ́tù ni," mo ní.

"Ẹ ti pààrọ̀ kẹ́tù ni?"

"Kẹ́tù ìyá rẹ náà ni," bàbá rẹ̀ ní. "Ó ti máa ń súfèé bẹ́ẹ̀."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń sáré láti ẹ̀yìnkùlé nítorí kẹ́tù náà, tí bàbá rẹ̀ á jókòó tì í tí kò ní pa iná rẹ̀. Bàbá ní irọ́ ni. Ọmọ ní òótọ́ ni, kí bàbá béèrè lọ́wọ́ Àǹtí. Mo ní òótọ́ ni. Mo bu tíì fún àbúrò mi, kò tọ́ ọ wò.

Mo ti mọ eré náà díẹ̀ nígbà yẹn, mo sì rí ohun tó ń bọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dùn lẹ́nu ọmọ náà ni ọwọ́ rẹ̀ ń yá. Àwọn ilé gogoro rẹ̀ méjèèjì ti jáde lọ wá oúnjẹ. Ọba rẹ̀ nìkan ló kù ní ẹ̀yìn pátápátá, ọmọ ogun mẹ́ta tò síwájú rẹ̀ bí ọgbà. Ọgbà tó ń dáàbò bò ó náà ni kò ní jẹ́ kó ráyè sá. Bí ilé gogoro àbúrò mi bá gba ọ̀nà tó ṣófo náà lọ dé ìpẹ̀kun, ó parí.

Àbúrò mi ti rí i. Ìka rẹ̀ dúró lókè fóònù. Mo mọ ohun tó ń rò: bó bá tẹ̀ ẹ́, eré tán, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó bá sì gbé nǹkan mìíràn, wọ́n ṣì lè wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù kejì. Ó wò mí.

"Ìlà ń tutù," mo sọ jẹ́ẹ́.

Ó tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ náà dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Ó tẹ orí síwájú títí tí iwájú orí rẹ̀ fi gba gbogbo fóònù. Àbúrò mi gbé ife tíì tó ti tutù, ó mu ún, bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n ní ó dàbọ̀.

Mo ti jókòó ti ọpọ́n ayò púpọ̀ láyé mi, ó sì yẹ kí n ti mọ̀. Ẹni tó bá pani ló máa ń tètè dìde. Ẹni tí wọ́n pa kì í lọ síbì kan.

"Ẹ tún un tò," ọmọ náà ní. "Bàbá mi, ẹ tún un tò. Mi ò mọ ibi tẹ́ ẹ ti kọ́ èyí, àmọ́ ẹ máa sọ ọ́ fún mi lónìí."

"Aṣọ tó o fẹ́ fọ̀ ńkọ́?"

"Aṣọ ò lẹ́sẹ̀." Ó ti dìde, à ń wo àga òfìfo. Ohùn rẹ̀ wá láti ẹ̀yìn, láti ibi tí omi ti ń dà sínú nǹkan. "Ẹ ṣì dúró ná. Mò ń gbé omi kaná."