Oorun Tí Wọ́n Gbà Lójú Ọkọ Mi

Bàbá Dámiláre, ó wá di kí n máa pè kí ẹ má dáhùn. Àwọn tó ń wá kí mi ń sọ pé ó di ojú àlá kí n tó tún fojú kàn yín. Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa pàdé èèyàn lójú àlá, ṣebí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sùn ná? Ẹ̀yin kò sùn. Ó ti pẹ́ tí oorun ti kọ̀ yín sílẹ̀, èmi tí mo ń dùbúlẹ̀ tì yín ni ẹlẹ́rìí.

Adébọ̀wálé, ọmọ Ìpẹ̀rú, ọmọ Akẹ̀sán. Olówó orí mi, adúró-má-yẹsẹ̀, akọni tó gbé ìbọn tí kò fi halẹ̀ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ọlọ́pàá tó dúró sí Ìntáṣéènjì Ṣàgámù tí kò gba ẹ̀gúnjẹ, tí àwọn awakọ̀ ń kí tọkàntọkàn, tí kì í ṣe pé wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀. Bí awakọ̀ bá ń sáré àsápajúdé, ẹ ó ní, "Rọra, ilé ò ní ṣí kúrò níbi tó wà." Wọ́n wá sọ yín ní Bàbá Ilé-ò-ṣí. Àwọn awakọ̀ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ dé ilé wa lọ́jọ́ tí ẹ lọ, kí ẹnikẹ́ni tó ti tíṣọ̀n yín yọjú rárá.

Èmi Adúnní, ọmọ Òde Rẹ́mọ, aránṣọ ní Sábó, ni mo ń kọ èyí sínú ìwé ìsìnkú yín. Ṣòkòtò iṣẹ́ lẹ gbé wá fún mi lọ́jọ́ kìíní pé kí n bá yín ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Ẹ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi títí tí mo fi ní mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Ẹ ní ẹ ń dúró de ṣòkòtò. Mo ní ṣòkòtò yín ti parí láti àárọ̀. Ẹ ní ẹ mọ̀. Báyìí ni mo ṣe di ìyàwó ọlọ́pàá, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀ rí nítorí ìwà yín. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá inú yín dùn, kó ṣáà wo ìdí ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ mi. Ẹ máa ń ha á kanlẹ̀, Ìrètí ọmọ wa á máa bá yín jà sí i.

Ìgbà tí ẹ ò ha ìkòkò mọ́ ni ara ti fu mí. Iṣẹ́ ọlọ́pàá kọ́ ló burú. Ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn débi pé mo máa ń jowú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe lò yín ló burú. Ẹ ó ti dúró sójú oòrùn láti àárọ̀, ẹ ó délé, ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, fóònù á ti dún. Ọkọ̀ epo ti ṣubú, ẹ máa bọ̀. Àwọn ajínigbé ti wọ igbó lọ́nà Likosi, ẹ máa bọ̀. Wọn kì í pe ẹlòmíràn, torí ẹ̀yin kì í sọ pé rárá. Ẹṣin tó bá ń sáré dáadáa ni wọ́n máa ń gùn pa.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ epo gbiná, ẹ wà lára àwọn tó ń fa èèyàn jáde. Láti ọjọ́ náà, ẹ kò jẹ ẹran sísun mọ́. Mo bi yín léèrè, ẹ ní eyín ń dùn yín. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé irọ́ ni. Irú eyín wo ló ń dun èèyàn tí kò fi lè fara da òórùn sùyà láti òdìkejì títì? Kò sí ẹnì kan lẹ́nu iṣẹ́ yín tó bi yín pé kí lẹ rí, ṣé ẹ tiẹ̀ rí oorun sùn. Ojú títì ni wọ́n dá yín padà sí bí ilẹ̀ ṣe mọ́.

Ara wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ẹnu kò sọ. Ẹ ń da parasítámọ̀ sẹ́nu bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ẹsẹ̀ yín ń wú, ìyókù ara yín ń joro. Ẹ ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ó kọjú sí ilẹ̀kùn, bí ẹni pé wọ́n ní kí ẹ máa ṣọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan, Ìrètí jẹ́ kí ọmọrí ìkòkò bọ́ sílẹ̀ nílé ìdáná. Ẹ fò dìde, ọwọ́ yín lọ sí ìbàdí níbi tí ìbọn máa ń wà, ẹ sì jágbe mọ́ ọmọ náà bí ẹni rí olè. Lẹ́yìn náà ẹ wọ yàrá lọ, ẹ sunkún. Ẹ rò pé mi ò gbọ́. Mo gbọ́, Bàbá Dámiláre. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe.

Bí èèyàn bá ní, "Báwo lara?", èsì yín kan náà ni: "Ọọ̀lù kọrẹ́ẹ̀tì." Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ yín láti máa sọ fún ọ̀gá nìyẹn, pé gbogbo nǹkan wà létòlétò. Ẹ sọ ọ́ fún mi, ẹ sọ ọ́ fún Àlùfáà, ẹ tiẹ̀ sọ ọ́ fún dókítà tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Dókítà náà tún ẹ̀rọ rẹ̀ so mọ́ yín lápá torí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ yín ti ru kọjá ààlà, pé àìsùn àti wàhálà iṣẹ́ ló fà á, pé oògùn nìkan kò lè kápá rẹ̀. Ó ní kí ẹ lọ sinmi nílé, kí wọ́n sì yọ yín kúrò nínú iṣẹ́ òru. Ó kọ ọ́ sínú ìwé fún yín.

Ẹ mú ìwé náà lọ bá ọ̀gá yín. Ẹ padà délé, ẹ kò jókòó, ẹ ń rẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ. Ẹ ní ọ̀gá bi yín pé ṣé ìyàwó yín ló kọ ọ́ ni. Ẹ ní ó ní ẹni tó bá fẹ́ máa sùn, kó lọ ṣe tíṣà. Gbogbo wọn nínú ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ kan sàlúùtù, ẹ ní "Ọọ̀lù kọrẹ́ẹ̀tì, sà," ẹ sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Èmi náà lọ bá ọ̀gá yín. Ẹ kò mọ̀, mi ò sọ fún yín títí ẹ fi kú. Mo kúnlẹ̀ níwájú ọkùnrin náà lórí sìmẹ́ńtì. Ó ní kí n dìde, pé ara ọkọ mi le bíi ti ẹṣin, pé ọlọ́pàá kì í ṣàìsàn, kí n ṣáà máa se oúnjẹ aládùn fún un. Orúnkún yẹn ṣì ń ro mí títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, kì í sì í ṣe sìmẹ́ńtì ló fà á.

Ìta gbangba lẹ ṣubú sí, ní Ìntáṣéènjì, lọ́sàn-án gangan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta búrẹ́dì. Àwọn obìnrin yẹn ló tú bẹ́líìtì yín, tí wọ́n da omi sí yín lórí, tí wọ́n fi ìborùn wọn ṣíji bò yín títí awakọ̀ kan fi já èrò rẹ̀ sílẹ̀ láti gbé yín. Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn. Nígbà tí mo dé ọsibítù, apá ọ̀tún yín ti rọ, ẹnu yín ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ní, "Bàbá Dámiláre, báwo lara?" Ẹ gbìyànjú láti fọhùn. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Mo yára fi ọwọ́ bò yín lẹ́nu, torí mi ò fẹ́ gbọ́ irọ́ yẹn mọ́. Ẹ̀yin náà kò sì fọhùn mọ́ láti ìgbà yẹn.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, ọ̀gá yín wá kí wa, tòun tàwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀. Ó jókòó sórí àga yín. Ó ní àmúwá Ọlọ́run ni. Gbogbo èèyàn ilé ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Kí gbogbo ẹni tó mú ìwé yìí lọ́wọ́ mọ̀ pé èmi kò ṣe àmín sí i. Ọlọ́run kọ́ ló fi orúkọ yín sí iṣẹ́ òru. Ọlọ́run kọ́ ló ní ọlọ́pàá kì í ṣàìsàn. Ẹ má bá mi fi orúkọ Ọlọ́run bo iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn mọ́lẹ̀.

Ibẹ̀ kọ́ ló parí sí. Ọkùnrin náà ní kí ààyè yín má baà ṣófo lẹ́nu iṣẹ́, àwọn máa gba Dámiláre síṣẹ́ ọlọ́pàá dípò bàbá rẹ̀, òun fúnra òun ló máa ṣe é. Ẹ̀gbọ́n yín dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n dúpẹ́ títí. Wọ́n wá yíjú sí mi, inú wọn ń dùn, wọ́n ní, "Ìyá Dámiláre, aránṣọ ṣáà ni ọ́. O ò kàn gba yunifọ́ọ̀mù bàbá rẹ̀ wọlé fún un ni?" Mi ò bínú sí wọn. Wọn kò mọ iye ìgbà tí mo ti gbà á wọlé. Dámiláre ni mo wò. Ọmọ tó ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tó wá jókòó kalẹ̀ tí kò ríṣẹ́. Mo rí i tí ojú rẹ̀ tàn. Ìyẹn ló já mi láyà ju òkú yín lọ.

Nígbà tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, mo gbé yunifọ́ọ̀mù yín sórí tábìlì ìgéṣọ, mo mú abẹ. Mi ò ya á o. Aránṣọ kì í ya aṣọ. Mo ń tú u lójú rírán ni, díẹ̀díẹ̀. Dámiláre wọlé bá mi. Ó ní, "Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe yìí? Iṣẹ́ ò sí níta. Ẹ jẹ́ n wọ̀ ọ́."

Mi ò pariwo mọ́ ọn. Mo na ìbàdí ṣòkòtò sí i, mo ní kó fi ìka tọ ipa abẹ́rẹ́ àtijọ́. Mo ní, "Ibí ni mo rán an sí nígbà tí wọ́n sọ bàbá rẹ di ìnspẹ́kítọ̀. Ibí ni mo gbà á wọlé dé lẹ́yìn tí ọkọ̀ epo gbiná. Ibí ni mo gbà á dé nígbà tí dókítà ní kó lọ sinmi tí wọn kò jẹ́ kó sinmi. Ibí ni mo gbà á dé kẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra wọn. Níbo lo fẹ́ kí n ti bẹ̀rẹ̀ tìrẹ?" Ó fi ìka tọ̀ ọ́ lọ, ó fi tọ̀ ọ́ bọ̀. Ó ní, "Ẹ fún mi ní apá kan, Màmá." Ọmọ yín fa àga, ó bá mi tú u títí ó fi tán.

Mo fọ àwọn àwẹ́ aṣọ náà, mo lọ̀ wọ́n, mo ká wọn dáadáa bí ẹni fẹ́ gbé aṣọ fún oníbàárà. Mo gbé wọn lọ sí tíṣọ̀n, mo kó wọn lé orí tábìlì ọ̀gá yín. Ó ní, "Madaamu, kí ni kí n fi èyí ṣe?" Mo ní, "Yunifọ́ọ̀mù yín ni, sà. Ẹ wá ọmọ tiyín tó máa wọ̀ ọ́." Àwọn tó wà nínú ọ́fíìsì kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá, mo mọ̀ pé ẹ ó wà níbi ìsìnkú yìí, ẹ ó sì ka ìwé yìí. Ẹ má dìde níwájú pósí ọkọ mi pé ẹ fẹ́ sọ fún wa pé akọni ni. A mọ̀. Ọwọ́ yín kò gbọdọ̀ bu yẹ̀pẹ̀ sí i. Oorun tí ẹ gbà lójú rẹ̀ kò ní gbè yín. Kí ẹ tẹ́ ibùsùn tó rọ̀, kí ẹ máa ka igi àjà lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kí orí máa fọ́ yín, kí wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe yín. Ọjọ́ tí ẹ bá sì mú ìwé dókítà lọ bá ẹni tó jù yín lọ, kí onítọ̀hún wò yín lójú, kó bi yín bóyá ìyàwó yín ló kọ ọ́.

Àlùfáà wa ka ibi yìí kó tó dọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Wọ́n ní kí n yọ ọ́ kúrò, kí n fi ẹ̀san sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo ní, "Mo ti fi sílẹ̀ fún Un, sà. Ilé onítọ̀hún ni mo kàn ń júwe fún Un."

Bàbá Dámiláre, ọkọ mi àtàtà, Dámiláre kò tíì ríṣẹ́ o. Ó ń bá mi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gán bọ́tìnnì, kò tíì mọ̀ ọ́n gán rárá, àwọn oníbàárà ti ń ráhùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ráhùn. Ó ń jẹun, ó sì ń sùn, oorun àsùnwọra.

Àwọn èèyàn yín ní tíṣọ̀n ránṣẹ́ pé àwọn máa fọn fèrè létí sàréè, àwọn á sì yìnbọn sókè láti fi yẹ́ yín sí. Mo ní rárá. Mo ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oorun sùn, wọn kì í yìnbọn sí i létí. Ẹ sùn re o.