Ewu Nínú Ọgbà Ọsàn

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé mo lè gba abẹ́ okùn aṣọ kọjá láì bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ilé wa ní Choba, ní Port Harcourt, kì í ṣe ilé. Igi ni. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ yìí ti ń wojú ara yín, ẹ ń bi ara yín pé mélòó ni ọjọ́ orí mi tí mo fi ń sọ̀rọ̀ bí àgbà. Ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó bá rí ibì kan nígbà tó jẹ́ igbó, tó tún rí i nígbà tó di ilé alájà mẹ́ta, àgbà ni onítọ̀hún.

Ọgbà ọsàn ni a ń pè é, ṣùgbọ́n àwọn igi ọsàn ibẹ̀ ti darúgbó. Èso wọn ti kéré, ó sì kan débi pé ojú ẹni tó bá mu ún á fún pọ̀. Igi máńgòrò wà níbẹ̀, igi àgbálùmọ̀ náà wà, èyí tí gbogbo ará ibẹ̀ ń pè ní údárà. Bàbá arúgbó kan, ọmọ Ikwerre, ló ni ọgbà náà, kì í sì í ro abẹ́ igi rẹ̀. Koríko, ìtàkùn àti ewé lóríṣiríṣi ló kún ibẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, kùrukùru á dúró sáàárín àwọn igi náà títí oòrùn á fi yọ. Ìgbín á máa rìn lórí ewé tó ti rà, ọ̀kẹ́rẹ́ á máa fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, àwọn ẹyẹ ẹ̀gà á sì máa bára wọn jà lórí ọ̀pẹ kan ṣoṣo tó wà níkangun ọgbà. Mo lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ kí n máa wò títí wọn yóò fi wá mi wá. N kì í wọlé, torí wọ́n ti fi ejò dẹ́rù bà wá.

Ọdún tí màmá mi bí àbúrò mi ni ìyá àgbà wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó wá wẹ ọmọ. Ẹ̀bá ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mò ń sùn, n kò sì fẹ́ kó lọ mọ́ láé. Ṣùgbọ́n inú tirẹ̀ kò dùn. Kò gbọ́ Píjìn, kò gbọ́ Ikwerre. Àwa ọmọ ilé gan-an, Píjìn ló yọ̀ mọ́ wa lẹ́nu. Bó bá kí aládùúgbò, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Bó bá ní kí n mú ìgbálẹ̀ wá, kànrìnkàn ni n ó gbé fún un. Díẹ̀díẹ̀ ló ń dákẹ́, títí oúnjẹ pàápàá kò fi wù ú mọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo gbọ́ tó ń sọ fún màmá mi pé, "Ọmọ mi, ẹnu mi ti fẹ́ dí níbí. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bá mi wá mọ́tò tó ń lọ sílé." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́kàn.

Kí ni ọmọdé ní tó lè fi bẹ àgbà? Ọgbà yẹn nìkan ni mo rò pé mo ní. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbàgbé ẹ̀rù ejò, mo fa ìyá àgbà lọ́wọ́ wọ abẹ́ igi.

Bó ṣe wọlé ni ohùn rẹ̀ yí padà. "Háà, rinrin rèé. Gbúre. Wo ẹ̀bọ̀lọ̀, ẹ̀bọ̀lọ̀ gidi, tó ń ṣòfò nílẹ̀ báyìí." Ó tọ́ka sí ewé wẹ́wẹ́ kan, ó ní, "Pátánmọ́ nìyí, fọwọ́ kàn án." Mo fọwọ́ kàn án, ewé náà sì rọra pa ara rẹ̀ dé níṣojú mi. Ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó pàdé ará ilé lẹ́yìn odi, èmi náà ń pe orúkọ wọn tẹ̀lé e, ó ń tún un ṣe lẹ́nu mi. Ó ti já ẹ̀bọ̀lọ̀ kún ọwọ́ nígbà tí ohùn ọkùnrin kan ta láti òdìkejì ọgbà: "Ewu! Ewu! Ewu!"

Ìyá àgbà kò bèèrè bóyá ejò ni tàbí iná. Ó ju ẹ̀bọ̀lọ̀ sílẹ̀, ó gbá mi lọ́wọ́ mú, ó di eré. Arúgbó tó ní orúnkún ń dun òun láàárọ̀ ọjọ́ náà ni o! Bàtà rẹ̀ kan bọ́ sídìí igi ọsàn, kò wẹ̀yìn. Ìgbà tí a délé, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé àyà.

"Mo ti ní kí ẹ jẹ́ kí n máa lọ," ló wí fún màmá mi. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, torí èmi ni mo mú un lọ síbẹ̀.

Mo bi í nínú ẹkún pé, "Màmá àgbà, ṣé ewúrẹ́ ló ń bà yín lẹ́rù tó báyẹn?"

"Ewúrẹ́ wo? Ṣé ìwọ ò gbọ́ tí wọ́n ń pariwo ewu ni?"

"Mo gbọ́. Ewúrẹ́ ni àwọn ará ibí ń pè bẹ́ẹ̀."

Èmi kò mọ̀ rárá pé ewu ní ìtumọ̀ mìíràn láyé. Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Bàbá ọlọ́gbà ni. Bàtà ìyá àgbà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ẹ̀bọ̀lọ̀ tó jù sílẹ̀ wà lọ́wọ́ kejì, ó ti ṣà á jọ.

"Mama, sorry o. Why you dey run? Na goat I dey pursue."

Mo túmọ̀ rẹ̀ pé ewúrẹ́ ló ń lé. Ìyá àgbà wò mí, ó wo bàbá, ó wá bú sẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Látìgbà tó ti dé, n kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn rí. Bàbá kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, ó sáà bá a rín in. Lọ́jọ́ náà, ìyá àgbà fi ẹ̀bọ̀lọ̀ jẹ èbà, ó sì yó. Kò sọ̀rọ̀ mọ́tò mọ́, ó di ìgbà tí àbúrò mi wọ ilé ìwé kó tó padà sílé.

Ojoojúmọ́ la ń lọ sọ́gbà lẹ́yìn ìyẹn. Yorùbá tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu mi yìí, abẹ́ àwọn igi yẹn ni mo ti kọ́ ọ, ewé kan lẹ́yìn èkejì. Ìyá àgbà á ní àgbálùmọ̀, bàbá á ní údárà, kò sẹ́ni tó gbà fún ẹnìkejì. Màmá mi bi bàbá nígbà kan pé kí ló dé tí kì í ro ọgbà rẹ̀. "Madam, leave am," ló fèsì, ó ń wo àwọn ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ. "E get who dey live there."

Bàbá papòdà, ìyá àgbà náà sì lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń pọ̀ sí i, wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò máa gbé, àwọn ọmọ bàbá sì ta ilẹ̀ náà. N kò bá ẹnikẹ́ni jà, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ sùn síbì kan. Ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe nígbà tí katapílà dé. Àwọn igi ọsàn kò fi agídí kankan ṣe, wọ́n kàn ń wó ni. Àwọn ẹ̀gà ń yí po lókè ibi tí ọ̀pẹ wọn wà tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Mo mú àwọn ọmọ mi débẹ̀ láìpẹ́ yìí. Síméńtì ni gbogbo ilẹ̀, àfi ẹ̀gbẹ́ gọ́tà tí rinrin díẹ̀ ti hù lẹ́sẹ̀ ògiri. Mo pe orúkọ rẹ̀ fún wọn, wọ́n ṣì í pè, mo tún un ṣe lẹ́nu wọn. Nígbà tí à ń padà lọ, ìyá àgbà ni mò ń rántí, bó ṣe fi ẹsẹ̀ bàtà kan sá fún ewúrẹ́ nítorí pé ẹnìkan pariwo ewu. Ọjọ́ tí ewu gan-an dé ọgbà yẹn, ọ̀sán gangan ni, gbogbo àdúgbò dúró, a ń wò ó. Kò sí ẹnì kan tó pariwo.