Sílífà Tó Gbóná

Sílífà ni gbogbo wa ń pe alumíníọ̀mù nígbà náà, títí kan ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fífi ẹ̀rọ fá irin ní Mọníyà. Ọ̀rọ̀ kan kì í kúrò lẹ́nu wọn: "Tó o bá fá sílífà tán, fi sílẹ̀ kó tutù kó o tó wọ̀n ọ́n. Tó bá gbóná, irọ́ ló máa pa fún ẹ." Mo gbọ́ ọ títí ó fi sú mi. Ṣùgbọ́n mo ti gba fírídọ́ọ̀mù, mo sì rò pé mo ti mọ iṣẹ́ tán.

Lọ́dún kan láàárín àwọn ọdún 1990, ìyá kan wá láti abúlé kan lápá Ìjàyè. Àwọn ló ni ẹ̀rọ tí gbogbo abúlé fi ń rin ẹ̀gẹ́ fún gààrí. Púlì ara ẹ̀rọ náà, èyí tí bẹ́líìtì ń fà yí, ti fọ́. Wọ́n kó àwọn ògbólógbòó ìkòkò sílífà wọn wá, a yọ́ wọn, a sì da púlì tuntun. Tèmi ni kí n fá ihò àárín rẹ̀ kó bá ọ̀pá ẹ̀rọ wọn mu.

Ńṣe ló yẹ kí n máa kán kẹrosíìnì sí i kó má bàa gbóná, kí n sì máa fá a díẹ̀díẹ̀. Ìkánjú ò jẹ́. Sílífà lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀bẹ tí mo fi ń fá a, èéfín ń rú, púlì gbóná débi pé àkísà ni mo fi dì í mú. Mo wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀. Ó ṣe rẹ́gí.

Nígbà tí mo gbé e dé abúlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin ti bó ẹ̀gẹ́ jọ bí òkìtì. Ẹ̀gẹ́ tí a ti bó kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Púlì kọ̀, kò wọlé. Lójú ẹsẹ̀ ni mo mọ ohun tí mo ṣe: ihò ti súnkì nígbà tó tutù. Ǹ bá gbé e padà lọ tún fá, ṣùgbọ́n gbogbo ojú wà lára mi. Mo mú òòlù. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo lù ú ló sán.

"Ìyá, sílífà yín ni ò dáa," mo ní. "Àwọn ìkòkò yẹn ti jó jù."

"Má bínú, ọkọ mi," ni wọ́n wí. "Mo jẹ́ kó o wá lásán."

Èmi ni wọ́n ń bẹ̀. Ojú tì mí.

Wọ́n ní kí àwọn obìnrin rẹ ẹ̀gẹ́ sómi, wọ́n wọlé, wọ́n gbé ìkòkò kan tòun tìdérí jáde. Ìyá tó bí wọn ló rà á sínú ẹrù ìyàwó wọn. Ó ń dán, iná ò tíì kàn án rí. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí n sọ: pé a lè tún púlì tó sán yẹn yọ́. Mi ò sọ ọ́. Mo gbé ìkòkò náà lọ.

A yọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Mo kán kẹrosíìnì, mo fá a díẹ̀díẹ̀, mo jẹ́ kó tutù pátápátá kí n tó wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ kejì ó wọlé wẹ́rẹ́, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rin ẹ̀gẹ́.

Ìyá nawọ́ sí púlì, wọ́n sọ fún àwọn obìnrin yòókù pé, "Ṣé ẹ rí i? Sílífà gidi yàtọ̀." Wọ́n wá yíjú sí mi kí n bá wọn jẹ́rìí sí i.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."