Ewúrẹ́ Tí Ìyàwó Mi Fi Jẹ́jẹ̀ẹ́

Ewúrẹ́ kan wà ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ayétòrò tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tà. Ìyàwó mi ló fi jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run lọ́dún tí ọ̀kadà gbé mi ṣubú lọ́nà Ìmásàyí, tí eegun ọrùn mi dá, tí apá àti ẹsẹ̀ mi sì kú. Ó ní lọ́jọ́ tí mo bá fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì, òun á fa ewúrẹ́ náà tẹ̀ lé mi dé iwájú pẹpẹ. Ọmọ ewúrẹ́ ni nígbà náà. Ó ti di ìyá àgbà báyìí, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn ju tèmi lọ, èmi sì wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé mi ò gbàdúrà ẹsẹ̀ mọ́. Mi ò bínú sí Ọlọ́run o. Mo ṣì ń kọrin láàárọ̀. Ó kàn rẹ̀ mí láti máa tọrọ ohun kan ṣoṣo ni. Ẹ̀yìn ìyàwó mi ni mo wá ń gbàdúrà fún, nítorí òun ló ń gbé mi, òun ló ń wẹ̀ mí, òun ló ń yí mi padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ara mi má bàa dégbò. Wọ́n ní ẹlẹ́rù ní í gbé ibi tó wúwo, ṣùgbọ́n èmi ni mo lẹ́rù, òun ló ń gbé e. Ó tún ń gbààwẹ̀ lé e lọ́jọ́ Wẹ́sídeè. Pẹ̀lú ebi nínú, á máa fi ṣíbí bu ìrẹsì sí mi lẹ́nu. Ojú ń tì mí, àmọ́ mò ń jẹ ẹ́.

Tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa bá ti ku ọ̀la, ó máa ń fi ọṣẹ wẹ ewúrẹ́ yìí. Ó ní bí iṣẹ́ ìyanu bá dé láàárọ̀, òun ò ní máa wá omi kiri. Lọ́dún yìí, ó wẹ̀ ẹ́ tán, ẹ̀yìn kò jẹ́ kó lè nàró. Ó di ògiri mú, ó ń rẹ́rìn-ín kí n má bàa mọ̀ pé ó ń dùn ún. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká fa ewúrẹ́ náà lọ lọ́la bí mo ṣe wà yìí, ká fi dúpẹ́ pé mi ò kú. Ó ní ẹ̀jẹ́ kì í ṣe ààlà oko tí èèyàn lè sún.

Mo wá sọ òótọ́ fún un. "Mi ò gbàdúrà ẹsẹ̀ mọ́. Ó ti pẹ́."

Ó ń nu etí ewúrẹ́ náà lọ. "Dádì, mo mọ̀. Tí mo bá ti gbàdúrà débẹ̀, ẹ kì í ṣe àmín. Mo ti ń bá yín ṣe é mọ́ tèmi."

Ó dà bíi pé kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Gbogbo ìgbà tí mo rò pé mò ń fi àdúrà ràn án lọ́wọ́, ẹrù mi ni mo tún ń dì lé e.

Nírọ̀lẹ́, a jọ gbàdúrà. Nígbà tó kan ẹsẹ̀ mi, ó dúró díẹ̀ dè mí. Mo la ẹnu, àmín náà kò jáde. Ó ṣe àmín lẹ́ẹ̀mejì.