Ààwẹ̀ Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Mi

Mo rántí àárọ̀ ọjọ́ tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi orúkọ àbísọ pè mí, tí àyà mi já. Ẹni tó bá ti gbé nínú ilé Yorùbá á mọ ohun tí mò ń wí: ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, bó ti wù kí ọmọ náà kéré tó. Adúmáadán ló ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti dé Douala ní Kamẹrúùnù, tí mo wá ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Madagascar ní New Bell, orúkọ náà sì máa ń mú mi rìn bí ẹni pé èmi nìkan ni mo dúdú láyé. Àfi bó ṣe wò mí lójú kòrókòró láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tó pe orúkọ tí bàbá mi sọ mí, tó ní, “Kí lo dà sínú omi mi?”

Àsìkò ìnira ni, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní lakíríìsì. Àwọn olóṣèlú tó ń ta ko ìjọba ti ní kí ìlú tì pa, kí ẹnikẹ́ni má ṣí ìsọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Tákísì ò gbọdọ̀ rìn, táyà ń jó lójú títì, òkúta ni wọ́n sì fi ń kí ẹni tó bá ṣe agídí. Aṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi ń tà. Ta ni yóò wá ra àǹkárá nígbà tí kò sówó ẹja? Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan lọjà ń ṣí, ohun tí a bá sì rí rà nígbà náà la ó máa fọgbọ́n jẹ. Míòndó, ìyẹn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì pọ́n sínú ewé, la ń jẹ láàárọ̀, òun náà la ń jẹ lálẹ́. Bí a bá rí ẹja mákíró kan, ẹ̀gbọ́n mi ló ni orí àti àárín, àwọn ọmọ mẹ́rin ló ni ìyókù. Èmi náà kì í gbàgbé tèmi, ọ̀fun mi tóbi púpọ̀ nígbà yẹn.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní ní tòun, òun fẹ́ san ààwẹ̀. Aboyún àti ìyá ọlọ́mọ ọwọ́ lè fi ààwẹ̀ Ramadan sílẹ̀, kí wọ́n san án nígbà tó bá rọrùn. Ó ti bí mẹ́rin léra wọn, ìkarùn-ún wà lọ́wọ́, ààwẹ̀ ọdún púpọ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí oúnjẹ ò kúkú sí, kí òun fi àsìkò náà bọ́ nínú gbèsè Ọlọ́run. Gbogbo wa la yìn ín. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi í yangàn láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èmi tí mò ń pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n, màá kí i ní “ẹ kú ààwẹ̀,” màá padà sídìí míòndó mi. Bẹ́ẹ̀ ló ń fọ́mọ lọ́mú. Bí oòrùn bá wọ̀, kọfí dúdú tí ṣúgà kún inú rẹ̀ ló fi ń ṣínu, kò sì sẹ́ni tó wò ó bóyá ó fi nǹkan mìíràn lé e.

Oorun ló kọ́kọ́ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ wá ń gbọ̀n, ó ń gbàgbé ìkòkò lórí iná, ó ń sunkún nítorí pé ọmọ kan jẹ́ kí ṣíbí bọ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ omi dé. Ó ní mo fẹ́ pa òun kí n lè gba ọmọ òun. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí, mi ò ní purọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn yàrá mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ìlú tì pa, ó gbá ọmọ ọwọ́ mọ́ra, ó já síta, ó ní ilé wa ń jóná. Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń jó táyà gan-an ló kọrí sí. Ẹ̀gbọ́n mi sáré tẹ̀lé e láìwọ bàtà. Bó ṣe ń fà á bọ̀, àwọn aládùúgbò dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹnì kan sì sọ ọ́ jáde: “Dat woman don craze.”

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ wèrè ti wọ ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi bá ọlọ́kọ̀ ojú omi kan tó ń gba Tiko lọ sí Kàlàbá sọ̀rọ̀. Wọ́n á mú un lọ sílé ní Nàìjíríà, sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ṣẹkẹṣẹkẹ de aláìsàn ọpọlọ mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ á kù sọ́dọ̀ mi, títí kan èyí tó ń mu ọmú. A kò tíì rí obìnrin tó bá ọ̀nà yẹn lọ tó padà sílé ọkọ. Ó ku kí Àlùfáà tó ń kírun fún wa ní mọ́sálásí àdúgbò wá ṣàdúà fún un kó tó lọ.

Àgbàlagbà tí kì í kánjú sọ̀rọ̀ ni Àlùfáà. Ó jókòó ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lórí ẹní, ó wo ètè rẹ̀ tó ti bó, ó wo ọmọ tó ń fa ọmú tí kò rí nǹkan fà.

“Kí ló ń jẹ?” ó bi ẹ̀gbọ́n mi.

“Ààwẹ̀ ló ń gbà, Àlùfáà,” ẹ̀gbọ́n mi dáhùn, ó ṣì ń fi í yangàn díẹ̀. “Ó ń san èyí tó jẹ. Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn, pé àlùjànnú lè sún mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀.”

“Láti ìgbà wo?”

Kò sẹ́ni tó lè sọ.

“Inú ilé kan náà lẹ jọ ń gbé,” Àlùfáà ní. Ó wá yíjú sí obìnrin náà. “Ìyá àwọn ọmọ, ta ló ní kó o gbààwẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́nu ọmú? Ọlọ́run ní kó o sinmi ná, ìwọ lò ń kánjú?”

Ó mi orí, ó ní òun ò ní jẹun, gbèsè ṣì kù. Àlùfáà rán mi lọ ra pọ́fpọ́f àti ẹ̀wà lọ́dọ̀ obìnrin tó ń dín in lẹ́yìn ilé. Nígbà tí mo gbé e dé, òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ bù jẹ, kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lè rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ó wá ti àwo náà sún mọ́ ọn.

“Bí Ọlọ́run bá bi ọ́, kó o ní èmi ni mo ní kó o jẹ.”

Ọmọ ń ké. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ bojú. Mo rò pé ìyàwó rẹ̀ yóò da àwo náà nù, tí wọ́n á sì gbé e wọ ọkọ̀ Kàlàbá. Ó na ọwọ́ sí àwo náà, ẹ̀wà ń kán sí i láṣọ. Ó jẹ ẹ́.

Kì í ṣe pé àwo ẹ̀wà kan mú orí rẹ̀ pé o. Àlùfáà ló ní ká gbé e lọ sílé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ní ẹ̀jẹ̀ ò tó lára rẹ̀, tí wọ́n fún un lóògùn, tí wọ́n sì ní kó máa jẹ ẹ̀dọ̀, ẹyin àti ẹ̀wà. Ẹ̀gbọ́n mi yọwọ́ nínú orí ẹja. Oorun padà dé, ìfòyà sì ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì ní àwọn ọjọ́ tó tún ń padà wá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Kàlàbá lọ, òun ò sí nínú rẹ̀.

Ó ti dàgbà báyìí, ó ń gbé ní àdúgbò Logbaba lọ́dọ̀ ọmọ tó ń mu ọmú nígbà yẹn. Láìpẹ́ yìí, níbi tí a jọ jókòó, mo bi í ní ohun tí mi ò lè bi í láti ọjọ́ yìí wá: kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbà yẹn gan-an ló yàn láti san ààwẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín.

“Ààwẹ̀ wo? Oúnjẹ ò tó yín ni. Bí mo bá ní mi ò tíì jẹun, ẹ máa bi mí léèrè. Bí mo bá ní mò ń gbààwẹ̀, ẹ máa kí mi ni. Nígbà tó yá, èmi náà gbà á gbọ́.”

Mo ti rò ó títí láti ìgbà náà. Lóòótọ́ la kí i, ojoojúmọ́ la kí i, oúnjẹ sì wà lẹ́nu wa.