Húdì Méjì Lórí Òṣùwọ̀n Ọmọ Ìkókó

Nílé ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, ìṣirò àti bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́, ibẹ̀ náà ni mo sì padà di tíṣà. Títí dòní mo ń yin Ọlọ́run fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́ wa bí èèyàn ṣe ń ra aṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè kàn. Tí ìyá mi bá fẹ́ ra aṣọ lọ́jà Èrúwà, á fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá rún un, á fà á, á gbé e sókè sí oòrùn, á sì tún ní kò dára, kí ọlọ́jà lè dín owó rẹ̀. Èmi, orí fóònù ni mo ti ra tèmi. Mo fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́, ó parí.

Àwọn ìbejì mi, obìnrin méjèèjì, ló wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Jọ́ọ̀sì. Gbogbo ẹni tó bá wa yọ̀ ló ń fi kún un pé òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọ̀rọ̀ òtútù yẹn ló ń já mi láyà. Èyí ẹ̀gbọ́n kò níṣòro, ara rẹ̀ le bí òkúta. Èyí àbúrò ni àyà rẹ̀ kì í gba ọyẹ́. Tí ọyẹ́ bá ti fẹ́ dé Igbó-Ọrà, ikọ́ rẹ̀ la fi ń mọ̀ kí ètè wa tó bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Mo wá ṣèlérí pé kálukú wọn yóò wọ súwẹ́tà onífìlà tó nípọn lọ, èyí tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní húdì.

Àwọn tí mo kọ́kọ́ rà, nínú fọ́tò, wọ́n nípọn bíi búláńkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n dé nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àwọn ọmọ lọ. Ẹ̀gbọ́n gbé ọ̀kan sójú fèrèsé, ó sì dúró sẹ́yìn rẹ̀.

“Bàbá, mo ń rí yín o. Ẹ̀ ń fajú ro.”

Àbúrò wọ tirẹ̀. “Afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni ń gba títì.”

Ìyá wọn kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ pa aṣọ náà, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ ṣé gan-an. Asẹ́ ògì mi ti gbó tipẹ́.”

Katikíìsì ìjọ wa ló gbà mí nímọ̀ràn. Òun náà ní húdì kan tó rà nínú òkìrìká, èyí tó máa ń wọ̀ lórí ọ̀kadà tó bá ń lọ wàásù láwọn abúlé oko ọ̀nà Ayétẹ̀ láàárọ̀ ọyẹ́. Ó ní, “Tíṣà, ẹ ra ẹyọ kan ná. Tó bá dáa, ẹ wá ra èkejì.”

Mo wò ó. “Katikíìsì, ẹyọ kan? Nínú ilé tèmi?”

“Háà.” Ó fọwọ́ bo ẹnu. “Ẹ má bínú. Mo gbàgbé.”

Mi kì í bọ òrìṣà, Jésù nìkan ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ yìí wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, mo ra sálúbàtà tuntun fún ẹ̀gbọ́n nítorí tirẹ̀ já, mi ò ra fún àbúrò nítorí tirẹ̀ ṣì dáa. Odidi ọ̀sẹ̀ kan làwọn méjèèjì fi fẹsẹ̀ lásán lọ síléèwé. Èyí tó ní bàtà tuntun ló sunkún jù. Láti ìgbà náà, méjì-méjì ni mo ń ra nǹkan. Tí mo bá máa ṣàṣìṣe náà, àṣìṣe méjì ni.

Mo padà sórí fóònù. Lábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ nọ́ńbà kan àti lẹ́tà mẹ́ta, GSM. Ẹ̀gbọ́n ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi: tí wọ́n bá gé aṣọ náà ní mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, iye gíráàmù tó máa wọ̀n nìyẹn. Igba, fẹ́lẹ́ ni. Irinwó, òtútù á bẹ̀rù rẹ̀. Inú mi dùn pé ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ ìjọ fẹ́ wúlò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ojú ewé ọlọ́jà tó ta asẹ́ ògì fún wa, irinwó ló kọ sí i. Irinwó kan náà ló kọ sábẹ́ síńgílẹ́ẹ̀tì.

Nọ́ńbà ẹnu lásán kò wá tó. Ó di dandan kí n rí aṣọ gan-an lórí òṣùwọ̀n, kí n sì mọ iye tó yẹ kó wọ̀n. Mo yá húdì katikíìsì, èyí tí ọyẹ́ kò lè wọ̀, kí n fi ti ọwọ́ wa wé e.

Níbo ni òṣùwọ̀n wà? Kóńgò la fi ń wọn gàrí àti láfún lọ́jà wa, ojú sì ni alápatà fi ń wọn ẹran. Òṣùwọ̀n tó ṣeé fọkàn tán tí mo mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: èyí tí wọ́n fi ń wọn ọmọ ìkókó ní ilé ìwòsàn, tí wọ́n so rọ̀ lókè, tó ní ṣòkòtò kékeré tí wọ́n ń ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ̀.

Nítorí eruku, mo di húdì katikíìsì pọ̀ mọ́ ọ̀kan nínú tiwa, mo fi ìró ìyàwó mi wé wọn, mo gbé wọn mọ́ àyà. Ọjọ́ àjẹsára ni. Àwọn ìyá ọmọ kún ìta, ọ̀pọ̀ wọn gbé méjì-méjì. Ọ̀kan sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì.

“Bàbá, ẹ jókòó. Ẹ ṣeun tí ẹ̀ ń ran ìyá ọmọ lọ́wọ́. Ṣé ó ń sùn?”

Mo fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ti ń pè mí. Mo tú ìró náà níwájú gbogbo èèyàn. Ìyá tó sún fún mi na ọrùn wò ó.

Nọ́ọ̀sì yìí, èmi ni mo kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin. Ó wo aṣọ, ó wò mí. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ara yín le?”

Mo sọ ọ̀rọ̀ Jọ́ọ̀sì fún un, mo sì sọ ọ̀rọ̀ àyà ọmọ mi. Ó mí kanlẹ̀. Ó gbé húdì katikíìsì sínú ṣòkòtò náà, ó sì fi ọwọ́ aṣọ kọ́ ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ ń gbà jáde. Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n sáré, ó dúró sí ìlà kẹsàn-án. Ọgọ́rùn-ún gíráàmù ni ìlà kọ̀ọ̀kan.

“Kò tó kílò kan,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Ẹ fún un lóúnjẹ dáadáa.”

Àwọn ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé tiwa sí i. Ìlà mẹ́ta àti ààbọ̀.

“Tíṣà, a ò lè jẹ́ kí eléyìí padà sílé. A máa dá a dúró ni.”

Ìyá kan ké láti ẹ̀yìn, “Ẹ tètè pe pásítọ̀!”

Ìlà mẹ́sàn-án yẹn ni mo fi ń bá àwọn ọlọ́jà orí fóònù sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n gbé húdì tó jẹ́ sáìsì ti katikíìsì sórí òṣùwọ̀n, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ fún mi. Ọ̀kan ní, “Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ sè é ni?” Òmíràn ò dá mi lóhùn mọ́. Ẹnì kẹta, obìnrin kan n’Ìbàdàn, gbà. Òṣùwọ̀n tó fi ń wọn fúláwà kéèkì ló gbé e lé. Ó ku díẹ̀ kó pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún gíráàmù. Kíá ni mo pè é.

“Ẹ dákun, ẹ yí inú rẹ̀ síta kí n rí òwú rẹ̀.”

Ó ya fọ́tò rẹ̀. Òwú náà sùn lé ara wọn bí irun ọmọ àgùntàn.

“Ẹ fa etí ọwọ́ rẹ̀, bóyá á padà sípò.”

“Ó padà, sà.”

“Ẹ tan iná fóònù sínú rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó yọ síta.”

“Kò yọ.” Ó wá bi mí, “Bàbá, ẹyọ mélòó lẹ fẹ́ rà gan-an? Ṣé ọgọ́rùn-ún ni?”

“Méjì.”

“Méjì!”

“Ẹ sì wọn èkejì náà lọ́tọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ìbejì ló ni wọ́n. Igbó-Ọrà la wà.”

“Háà! Ẹ̀ bá ti tètè sọ.”

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n dé, ọjọ́ Ajé sì làwọn ọmọ ń lọ. Nígbà tí mo gba ọ̀rá náà ní gáréèjì, apá mi ló kọ́kọ́ mọ̀. Nílé, ọ̀sán gangan, àwọn ọmọ wọ̀ ọ́, wọ́n fa fìlà bo orí. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn dé àgbọ̀n wọn.

“Ẹ bọ́ ọ, kí ooru má pa yín!” ni ìyá wọn ń pariwo.

“Fi wọ́n sílẹ̀,” ni mo wí. Mi ò tíì rí òógùn tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo dá ti katikíìsì padà. Ó bi mí ìlà mélòó ni tòun. Mo ní mẹ́sàn-án. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti wọ̀ ọ́, ńṣe ló ń yan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta tí wọ́n dé Jọ́ọ̀sì, mo pè wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ní èéfín ń jáde lẹ́nu àwọn bí ẹni ń mu sìgá, pé kí n má bẹ̀rù, òtútù ni. Mo ní kó gbé fóònù fún àbúrò. Mo bi í nípa oúnjẹ. Mo bi í nípa omi. Mo bi í bóyá ìjọ wà nítòsí. Mo bi í àwọ̀ tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní.

“Bàbá, kí lẹ fẹ́ gbọ́ gan-an?”

“Kò sí. Ṣáà máa sọ̀rọ̀.”

Ó sọ̀rọ̀ títí, ó rẹ́rìn-ín, ó tún sọ̀rọ̀. Kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ìyàwó mi wà nílẹ̀ tó ń sẹ́ ògì. Húdì àkọ́kọ́ ló nà sẹ́nu ìkòkò, ó ṣì ní fìlà lára. Kò gbójú sókè. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ sí kíláàsì.”

Mo pa fóònù. Mo sọ fún Ọlọ́run pé ó ṣeun, mo sì lọ bá a di etí aṣọ náà mú.